Ta Ló Yẹ Kí Òfin Ìmòòkùn Kọ́kọ́ Dì Mú?

Ọ̀rọ̀ àsọyé yìí wáyé níwájú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní London. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ìmòòkùn wá sọ̀rọ̀ lórí òfin tí ìjọba ń ṣe fún àwọn tó ń fi ìmòòkùn najú, ìyẹn àwọn tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń wọ abẹ́ òkun lọ wo ẹja àti iyùn. Ṣé ó yẹ kí ìjọba fi dandan lé e pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ wọmi? Èsì mi rèé láìfepo bọyọ̀: ó yẹ kí ìjọba dá sí i. Àmọ́ ẹni tó ń rọ afẹ́fẹ́ tà, tó ń wa ọkọ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ èrò, òun ni kí òfin kọ́kọ́ dì mú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó tó kan ẹni tó fẹ́ wọmi. Bó bá sì wá kàn án, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tó jinlẹ̀ ju "ìwé ẹ̀rí rẹ dà?" lọ.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń pani nísàlẹ̀ omi ná.

Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà létí omi. Mo rí ọmọ Ìlàjẹ níbí, mo rí ọmọ Ẹ̀pẹ́, mo rí àwọn tó ti Àgbádárìgì wá. Ẹ mọ àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó. Wọ́n á mú garawa, wọ́n á fa èémí sínú, wọ́n á mòòkùn lọ bu yanrìn nísàlẹ̀, wọ́n á tún yọrí. Kò sí àgbá, kò sí ẹ̀rọ ìmí. Bí ẹ bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó lọ gba ìwé ẹ̀rí kó tó wọmi, ẹ̀rín ni yóò rín, mi ò sì ní bá a jà, nítorí agbára tí iṣẹ́ tirẹ̀ ń gbà ju ti tèmi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àṣà tó ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là nínú ọ̀sà, òun gan-an ló lè pa á lọ́jọ́ tó bá gbé àgbá kọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó fa èémí sínú lókè, tó sé e, tó sì mòòkùn lọ sí mítà 10, omi á fún àyà rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á fi sún kì dé ìdajì. Bó bá ń bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò ní lé, kò ní dín. Ẹni tó gbé àgbá ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ló ti ń mí. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ń fún un ní afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ bá ti omi tó yí i ká mu. Nítorí náà, ní mítà 10, ohun tó kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí báyìí. Bí ẹ̀rù bá wá bà á, tó sé èémí bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, tó sì gbéra sókè, afẹ́fẹ́ yẹn á máa wá àyè ìlọ́po méjì, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní àyè yẹn. Yóò ya. Afẹ́fẹ́ á já sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e gba inú ọkàn, á sì gbé e dé ọpọlọ. Kò dìgbà tí omi bá jìn: bí ẹ̀dọ̀fóró bá kún, ìgòkè tó lé díẹ̀ ní mítà kan péré ti tó. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú adágún ìwẹ̀ ilé ìtura, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan omi rárá, ni pé kó má ṣe sé èémí, láéláé. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ tèmi mu gan-an. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wẹ̀ jù ni mo máa ń ṣọ́ jù, torí ara wọn ti mọ́ èémí sísé.

Ewu kejì kì í pariwo. Nàìtírójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Lókè níbí, kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Nísàlẹ̀ omi, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ omi á mú kó máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara, bí a bá ṣe jìn sí àti bí a bá ṣe pẹ́ sí. Bí a bá rọra gòkè, á rọra bá èémí jáde. Bí a bá fò sókè, á di ìhó sínú ẹ̀jẹ̀, sínú oríkèé, sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹlòmíràn á sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Láti 1908, tí John Scott Haldane ti gbé tábìlì ìgòkè rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni aráyé ti mọ bí a ṣe lè ṣọ́ra fún un.

Ẹ rántí Harrison Okene. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé lójú òkun nítòsí Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Àwọn méjìlá ló wà nínú rẹ̀, Okene tó jẹ́ alásè nìkan ló yè. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló fi wà nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀, kí àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú tó bá ọwọ́ alààyè pàdé. Fídíò yẹn káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ yín ló ti wò ó. Ohun tí fídíò kò fi hàn tó ni pé wọn kò lè kàn fà á jáde sínú oòrùn. Ara rẹ̀ ti fa nàìtírójìn mu bí aṣọ tí a rẹ sómi. Bí wọ́n bá gbé e gòkè tààràtà, ikú tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ni yóò pàdé lókè. Wọ́n gbé e sínú yàrá irin tí wọ́n ti ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ọjọ́ méjì àtààbọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ìmòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Èmi a máa gbé ìyá rẹ̀ tó bí i lárugẹ.

Ewu méjèèjì yìí, ojú kò rí wọn. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lè ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó sì fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó sé èémí lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tó ń gòkè lè má rí ẹ̀ẹ̀kejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ̀kọ́ kò ṣeé fi ṣàyàn. Àríyànjiyàn tó kù ni ti ẹni tí yóò fi dandan lé e: ṣé ìjọba ni, àbí àwọn tó ń ṣòwò náà?

Ìtàn rẹ̀ yóò ya ẹ̀yin kan lẹ́nu. Ní 1943, ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Cousteau àti onímọ̀ ẹ̀rọ Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ ìmí tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fà á nìkan ló ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà fún ẹni yòówù tó bá lówó lọ́wọ́. O sanwó, o gbé e, o wọ òkun lọ. Ìjọba ni ó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀. Ẹ̀ka tó ń mójú tó ọgbà ìgbafẹ́ ní Los Angeles County ló rán Al Tillman àti Bev Morgan lọ sí Scripps, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òkun ní California, níbi tí Conrad Limbaugh ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìmòòkùn. Àwọn wọ̀nyí padà wálé, ní 1955 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn olùkọ́. Báyìí ni ètò ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà ṣe ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba jáde. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ìjọba kò ní ohun kan ṣe nínú eré yìí kò mọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àjọ aládàáni, tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn tó sì ń fúnni ní káàdì ìwé ẹ̀rí, gbà á. Níbí ní Britain, BSAC ti wà láti 1953. Ní Amẹ́ríkà, YMCA gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ ní 1959, NAUI tẹ̀ lé e ní 1960, PADI dé ní 1966. Díẹ̀díẹ̀, láìsí òfin kankan láti Washington, àwọn tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tí kò bá ní káàdì kò ní rí afẹ́fẹ́ rà. Ẹ dákun, ẹ má fojú kéré ìpinnu yẹn. Ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ọlọ́pàá kankan kò sì sí níbẹ̀. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta afẹ́fẹ́ ló wà, kò sì sí bí amòòkùn ṣe lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Limbaugh tó kọ́ àwọn olùkọ́ yẹn kú ní oṣù Kẹta ọdún 1960, nínú ihò abẹ́ omi kan nítòsí Cassis ní ilẹ̀ Faransé. Nínú iṣẹ́ yìí, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ nígbà náà? Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbàkúgbà tí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé ẹ̀rí jẹ́ oògùn ìṣọ́ra. Nínú ihò abẹ́ omi, òkúta ló bo orí ẹni, kò ṣeé gòkè tààrà lọ bá afẹ́fẹ́. Ibi tó ń fẹ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àwọn ìjọba kan ti ṣe.

Níbí ní Britain tí a jókòó sí, kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn ara rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Bí ẹ bá rí àgbá gbé, ẹ lè wọ òkun Brighton lọ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Àwọn tí òfin mú ni àwọn tó ń gbowó: ìlànà ọdún 1997 lórí ìmòòkùn lẹ́nu iṣẹ́ kan olùkọ́ tó ń gbowó oṣù, HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, sì lè pè é kó wá rojọ́. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe fara mọ́ ọn lọ.

Israel gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1979 ni wọ́n ti ní òfin tó dúró gedegbe fún ìmòòkùn ìnàjú. Amòòkùn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò, ẹni tí kò bá sì tíì mòòkùn láàárín oṣù mẹ́fà, ó di dandan kó bá olùkọ́ wọmi láti rán ara rẹ̀ létí kó tó dá lọ. Ẹ fi oṣù mẹ́fà yẹn sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Ilẹ̀ Faransé ló ní ìlànà tó kún jù. Nínú ìwé òfin eré ìdárayá wọn, wọ́n pín àwọn amòòkùn sí ẹni tó ń tẹ̀ lé olórí àti ẹni tó lè dá ṣe é, wọ́n sì fi mítà 20, 40 àti 60 pààlà fún wọn. Níbikíbi tí ẹgbẹ́ tàbí ilé iṣẹ́ kan bá ti ń kó ènìyàn wọmi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí olùdarí, tí yóò pinnu ibi tí wọ́n máa lọ, bí wọ́n ṣe máa jìn tó, àti ẹni tí yóò bá ẹni lọ. Ọ́síjìn gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ohun tí wọn yóò fi pe olùrànlọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ méjì tó bá wa ọkọ̀ ara wọn lọ sójú omi, ìlànà yìí kò kàn wọ́n. Àwọn ará Faransé tó fẹ́ràn òfin tó báyìí mọ ibi tí ọwọ́ òfin kò lè tó.

Québec ní Kánádà ní ìyẹn kò tíì tó. Wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ tó kan ẹni tó ń wọmi fúnra rẹ̀: kó ní ìwé ẹ̀rí tí àgbègbè náà fọwọ́ sí, tàbí kó wà lábẹ́ olùkọ́. Mo mọ̀ pé èrò rere ló bí i. Àmọ́ ẹ bá mi rò ó: ẹni tó gbéra ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àìkú, tó wa mọ́tò rẹ̀ dé etí adágún kan nínú igbó, tó sì wọmi, ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀? Òfin yẹn kò lè bá a títí tí yóò fi di òkú, nígbà yẹn, kí la tún fẹ́ fi ìwé ṣe?

Queensland ní Australia ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Tom àti Eileen Lonergan, bá ọkọ̀ àwọn amòòkùn lọ sí St Crispin's Reef, lára Great Barrier Reef. Àwọn méjèèjì ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n ti mòòkùn káàkiri, wọn kì í ṣe ọmọ àná. Wọ́n wọmi pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n padà yọrí, ọkọ̀ ti lọ. Ẹni tó ka èrò inú ọkọ̀ kà á ṣì, wọ́n sì ṣí ọkọ̀ padà sí èbúté láìmọ̀ pé ẹni méjì ṣẹ́ kù sínú òkun. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ṣàkíyèsí pé àpò wọn ṣì wà nínú ọkọ̀, pẹ̀lú àwọn ohun ìní wọn nínú rẹ̀. Wọ́n wá wọn tì. A kò rí òkú wọn di òní. Wọ́n gbé ọ̀gá ọkọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lórí ikú wọn, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì dá a sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí tán, n kò lè sùn. Kí ni ìwé ẹ̀rí ṣe fún Tom àti Eileen? Gbogbo ohun tí olùkọ́ ń kọ́ni ni wọ́n ṣe. Wọ́n lọ ní méjì, wọ́n gòkè ní méjì. Àbùkù náà wà lórí ọkọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó mú pẹ́ńsù tó sì ń ka orí.

Queensland gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lágbọ̀ọ́yé. Wọ́n mú ìlànà le fún àwọn tó ń kó amòòkùn, nígbà tó sì di 2011, wọ́n ṣe òfin kan tó dúró fúnra rẹ̀ lórí ààbò nínú eré ìdárayá omi. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ níbẹ̀ lọ báyìí, ẹ ó rí i. Orúkọ olúkúlùkù wà nínú ìwé kan. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ ni wọ́n ń kọ àkókò tí ó wọmi sí, àkókò tó jáde, bó ṣe jìn tó. Amòòkùn fúnra rẹ̀ á fọwọ́ sí i, omi á ṣì máa kán láti irun rẹ̀ sórí ìwé náà. Ẹnì kan wà lókè tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ojú omi lọ. Kí ọkọ̀ tó kúrò, wọ́n á ka èrò, wọ́n á kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àlejò tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n kàn fẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú olùkọ́, gbọ́dọ̀ kọ nípa àìsàn tó ń ṣe wọ́n sínú fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó wọ aṣọ omi. Gbogbo èyí, orí ẹni tó ń gbowó ni ẹrù rẹ̀ wà. Òun ló ní ọkọ̀, òun ló ní ìwé, òun ni ọlọ́pàá lè rí ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èyí ni mo pè ní òfin tó mọ ibi tó ń lọ.

Thailand ní tirẹ̀ rò nípa iyùn. Láti 2025, ẹni tó bá fẹ́ mú kámẹ́rà wọmi níbẹ̀ ní láti fi hàn pé òun ní ìwé ẹ̀rí onípele kejì, tàbí pé òun ti mòòkùn tó ìgbà 40. Ẹni tó bá ti rí àlejò tó fi orúnkún tẹ iyùn fọ́ nítorí fọ́tò yóò mọ̀ pé wọn kò ṣàsejù.

Mo wá padà sí oṣù mẹ́fà ti Israel. Káàdì tí ọ̀pọ̀ àwọn àjọ ń fúnni kì í ní ọjọ́ tí yóò parí. Ẹni tó bá gbà á ní ọmọ ogún ọdún lè nà án jáde ní ọmọ ọgọ́ta, yóò sì ṣiṣẹ́. Mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn káńtà ilé ìmòòkùn kan létí Òkun Pupa, mo sì rántí ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé káàdì rẹ̀ síwájú mi. Ojúlówó ni. Fọ́tò inú rẹ̀ fi ọ̀dọ́kùnrin tó nírun dúdú kìjikìji hàn. Mo ní kó so ẹ̀rọ ìmí rẹ̀ mọ́ àgbá, nítorí èmi kì í wo ojú, ọwọ́ ni mo ń wò. Ó so ó, àmọ́ okùn tó yẹ kó gba èjìká ọ̀tún wá sẹ́nu, ti òsì ló gbé e gbà. Ó ṣí àgbá, kò wo agogo tó ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sínú adágún ìwẹ̀." Inú bí i. Ó ní òun ní ìwé ẹ̀rí, pé ta ni mí tí mo fi ń dán òun wò. Nígbà tí a dé inú adágún, tí mo ní kó jẹ́ kí omi wọ inú gíláàsì ojú rẹ̀ díẹ̀, kó sì fi imú fẹ́ ẹ jáde, omi kàn án nímú, ó ju ẹ̀rọ ìmí sílẹ̀, ó sì fò dìde dúró. Omi náà kò kọjá àyà rẹ̀. Ká ní mítà 18 ni ńkọ́? Ó lo gbogbo ọ̀sán yẹn pẹ̀lú mi, kó tó bá ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì.

Kò sí irọ́ nínú káàdì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló ti ṣá. Ilé ìmòòkùn tó bá wo káàdì nìkan yóò kó o sínú ọkọ̀, òfin tó bá béèrè káàdì nìkan yóò sì gbè é lẹ́yìn. Ohun tó yẹ kí òfin fi dandan lé e ni pé kí ilé iṣẹ́ béèrè ọjọ́ tí ẹni náà mòòkùn kẹ́yìn, kó wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó sì mú un lọ sínú omi tí kò jìn bí ó bá ti pẹ́. Oṣù mẹ́fà, ọdún kan, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni du iye rẹ̀. Kí iye kan ṣáà wà.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé bí ìjọba bá ti wọ̀ ọ́, ìwé ẹ̀rí á di ohun tí wọ́n ń tà. Ọmọ Nàìjíríà ni wá, a mọ ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ láìjókòó sẹ́yìn sítíárì rí. Ẹ̀rù tó tọ́ ni, mo sì gbà á yẹ̀ wò. Nítorí rẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí ìjọba kankan máa tẹ káàdì ìmòòkùn fúnra rẹ̀. Ìlànà àgbáyé ti wà nílẹ̀. ISO 24801 ti sọ ohun tí ẹni tó fẹ́ máa mòòkùn láìsí olórí gbọ́dọ̀ mọ̀, àwọn àjọ ńlá ńlá sì ti mú ẹ̀kọ́ wọn bá a mu. Kí aṣòfin tọ́ka sí ìlànà yẹn, kó sì kọjú sí ilé iṣẹ́: ṣé ọ́síjìn wà nínú ọkọ̀ rẹ, ṣé ó kún? Ta ló ka èrò? Ìgbà wo lo yẹ afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ ń rọ wò kẹ́yìn? Bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ráyè wọ inú afẹ́fẹ́ yẹn, ẹni tó ń mí in ní mítà 30 yóò sùn láìjí, ìwé ẹ̀rí mẹ́wàá kò sì ní gbà á. Ìbéèrè báyìí kò ṣeé fi owó ra èsì rẹ̀ bọ̀rọ̀, torí ayẹ̀wò lè wọlé láìròtẹ́lẹ̀, kó sì gbé àgbá ọ́síjìn wò.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè. Mo mú méjì síbí.

Bàbá kan béèrè bóyá ọmọ ọmọ òun tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lè kọ́ ọ. Ó lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn àjọ kan, irú bíi PADI, àmọ́ ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ jìn mọ: mítà 12, pẹ̀lú òbí tó ní ìwé ẹ̀rí tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún bàbá ni pé kí wọ́n bi ọmọ náà léèrè nígbà tí òbí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọmi nítorí pé dádì fẹ́ ẹ, ọmọ tí ẹ̀rù sì ń bà nísàlẹ̀ omi kì í sọ ọ́, á kàn gbéra sókè ni.

Ìyá kan sọ pé ọkọ òun ti lé ní ọgọ́ta, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì fẹ́ lọ mòòkùn ní Íjíbítì nígbà ìsinmi. Ó ní ó ti sọ pé òun máa kọ "rárá" sí gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ìlera kí wọ́n má bàa dá òun dúró. Màmá, ẹ má jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn amòòkùn tó ti dàgbà jù, ibi tí ọkàn bá sì ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ omi, kò sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ láyà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ òtítọ́. Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", dókítà ni wọ́n máa ní kó lọ rí, kì í ṣe pé wọ́n lé e. Kó lọ rí dókítà níbí, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó gba ìwé tí dókítà fọwọ́ sí, kó sì mú un dání. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti kápá rẹ̀ ni dókítà ń gbà láàyè láti mòòkùn. Bí dókítà bá ní kò gbọdọ̀ wọmi, gíláàsì ojú àti ọ̀pá ìmí ti tó fún un: á léfòó, á máa wo ẹja láti òkè, iyùn Òkun Pupa sì sún mọ́ ojú omi tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní pàdánù púpọ̀.